Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra páìnì, ẹ kọ́kọ́ wo ewé ẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìlọrin àti apá gúúsù Kwara, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá dé nọ́sìrì tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi, tí wọ́n ní páìnì, igi tí ewé ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, láti Jos nìyí, tó dúdú mìnìjọ̀, ẹ má tíì tọwọ́ bọ àpò. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ká irúgbìn ẹ̀, àti bí ibẹ̀ ṣe ga tó, torí páìnì òkè lè má gba ooru wa.

Jos ga tó mítà 1200 sí etí òkun, Ìlọrin wa ò ju bíi 300 lọ. Tí èèyàn bá ń gòkè, ìgbóná máa ń fi bíi dígírì 6 dín kù ní mítà 1000 kọ̀ọ̀kan, oòrùn ibẹ̀ á wá mú, atẹ́gùn á máa fẹ́ gidi, igi tó bá dàgbà síbẹ̀ ewé ẹ̀ ló máa sọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ewé òkè máa ń kúrú, ó máa ń ki, awọ ẹ̀ á nípọn, ìda á bo ara ẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi òrí pa ara lásìkò ọyẹ́. Ihò tó fi ń mí náà wà, ó rì sínú awọ, ó tò ní ìlà ìlà, ṣùgbọ́n ẹ má fi iye ihò yẹn ṣèdájọ́ o, torí ibì kan ó ń pọ̀ sí i lókè, ibòmíì ó ń dín.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé. Ẹ já ìdì ewé ọdún tó kọjá níbi tí oòrùn ti ń kàn án dáadáa. Tó bá jẹ́ Caribaea, oríṣi páìnì kan, ewé 3 ló sábà máa ń wà nínú ìdì kan, tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ wọ́n á pé bí awẹ́ obì. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e láàárín kó fẹ́lẹ́, ẹ yá lẹ́ńsì àwọn ọmọ iléèwé, ẹ máa rí awọ líle níta, ojú ihò tí oje ń gbà, àti iṣan láàárín tí omi ń bá kọjá.

Ibi tó ti ń dàrú nìyí: igi tí ebi ń pa tàbí tí ò rómi mu náà, ewé ẹ̀ á kúrú. Ẹ má sì fi oríṣi kan wé òmíì. Patula, oríṣi páìnì míì tó wá láti orí òkè Mexico, níbi tó ga ju mítà 1500 lọ, ewé ẹ̀ gùn, ó ń rọ̀ wálẹ̀ bí irun, síbẹ̀ ti òkè ni, kò yẹ ilẹ̀ wa. Caribaea tó wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Cuba àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló lè gba ooru wa. Ẹ̀yin ará Òmù-Àrán, ẹ má bínú, mítà 500 ó lé díẹ̀ yẹn ò tíì sọ yín di Jos.

Igi tó ń súfèé ní ẹnu géètì àwọn ọgbà tí a ń pè ní páìnì yẹn, kì í ṣe páìnì rárá. Ẹ fa ohun tó jọ ewé yẹn, á já ní oríkèé, torí ẹ̀ka ni, ewé gangan kéré bí eyín kòkòrò, ó yí oríkèé náà ká.

Tẹ́ ẹ bá ti wá rí Caribaea tó dáa, ẹ bu yèpẹ̀ abẹ́ páìnì àgbà díẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ nọ́sìrì, torí olú inú ẹ̀ ló ń bá gbòǹgbò fa oúnjẹ. Láìsí i, ewé á pọ́n, igi ò ní dàgbà dáadáa, ẹ ó wá máa bú ẹni tó tà á fún yín.