Àṣìṣe tí ẹ ń ṣe pẹ̀lú agolo purotéènì tí ẹ ń rà fún àwọn àgbà

Ilé àgbà tí mo bá wọ̀ n'Ìbàdàn lóde òní, ó ṣòro kí n má rí agolo ràgàjì kan lórí fíríìjì. Ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ló fi ránṣẹ́. Ìyẹ̀fun purotéènì ni, owó gọbọi ni wọ́n sì fi rà á. Ẹ wá wo Màmá tí wọ́n rà á fún: wọn ò lè dìde lórí àga àfi bí ẹnì kan bá fà wọ́n lápá. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, inú sì ń bí mi, torí owó ń lọ, agbára Màmá náà ń lọ.

Mi ò ní purotéènì ò dáa o. Iṣan àgbà kì í tètè jẹ àǹfààní oúnjẹ bíi ti ọ̀dọ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílò rẹ̀ jù wá lọ. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní PROT-AGE dá a lábàá pé kí ẹni tó ti lé ní ọdún 65 máa jẹ gíráàmù 1 sí 1.2 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Màmá tó wọn kílò 60 ń wá gíráàmù 60 sí 72 nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà wá a ni mo bá yín jà sí.

Èkíní, ẹ ń ra agolo láì tíì wo abọ́. Ògì láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú ewédú lọ́sàn-án, èkọ lálẹ́. Níbo ni purotéènì wà níbẹ̀? Ẹ jókòó ti Màmá nígbà tí wọ́n bá ń jẹun, ẹ ó rí i: wọ́n á fi ọwọ́ ya ẹran kan ṣoṣo yẹn sí méjì, wọ́n á ju èyí tó tóbi sínú abọ́ ọmọ-ọmọ, wọ́n á ní eyín àwọn ò gbà á mọ́. Ẹ fún wọn ní ohun tí eyín lè gbà. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹja sísè tó wọn gíráàmù 100 máa ń ní tó 20. Ẹ se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ẹlẹ́ja, ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun mọ́ ògì, ẹ fi wàrà sínú ọbẹ̀. Kí ẹ sì pín in sí ìgbà mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun, kí gbogbo rẹ̀ má kóra jọ sí alẹ́.

Èkejì, ẹ ka ẹ̀yìn agolo. Òmíràn kì í ṣe purotéènì lásán, ìyẹ̀fun amúnisanra ni, ṣúgà sì lè kún inú rẹ̀, ẹ sì ń fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ̀kẹta, bí kíndìnrín wọn bá ti ń ṣàìsàn, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi kí ẹ tó fi purotéènì kún oúnjẹ wọn.

Ẹ wò ó, èyí tó ń dùn mí jù ni "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà." Ọ̀wọ̀ lẹ pè é, ṣùgbọ́n ó ń rọ wọ́n lẹ́sẹ̀. Bàbá kan wà, tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, egungun kankan ò ṣẹ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà làwọn ará ilé ò ti jẹ́ kí wọ́n rìn mọ́. Wọ́n ń gbé oúnjẹ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Alaalẹ́ làwọn ọmọ ń pè láti òkè òkun: "Ṣé Bàbá ti mu purotéènì wọn?" Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Bàbá dìde. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, itan wọn ti gbẹ, ṣòkòtò ń fì lára wọn. A gbé tìmùtìmù méjì sórí àga kó lè ga, mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ti apá àga, kí wọ́n tẹ̀ síwájú, kí wọ́n dìde. Ẹnì kan nínú ilé pariwo pé mo fẹ́ pa Bàbá. Bàbá fúnra wọn ló ní kó dákẹ́. Nígbà tó yá, a yọ tìmùtìmù kan, a yọ èkejì. Wọ́n ń fọ̀pá rìn dé gééti báyìí.

Ẹni tó kó búlọ́ọ̀kù jọ tí kò pe bíríkìlà, ilé rẹ̀ ò lè ga. Purotéènì ni búlọ́ọ̀kù, eré ìdárayá ni bíríkìlà. Lọ́dún 1994, ìwádìí kan jáde láti Boston lórí 100 arúgbó tó ń gbé ilé ìtọ́jú, ọjọ́ orí wọn tó 87 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ 10, agbára iṣan wọn lé ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó mu ohun mímu aṣaralóore nìkan, láìsí eré ìdárayá, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2007 ní tiẹ̀ fi hàn pé àgbà tára wọn le, tí wọ́n kàn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10, pàdánù bíi kílò kan lára ẹran ẹsẹ̀ wọn.

Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀yìn àga ti ògiri, kí Màmá máa dìde, kí wọ́n máa jókòó, láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Bí òòyì bá kọ́ wọn, ẹ dá a dúró.

Ẹ má fún wọn ní ife purotéènì ṣáájú oúnjẹ, torí yóò yó wọn, abọ́ á sì padà sí kíṣìnnì bó ṣe wà.

Bí ìró Màmá bá sì ti ń tú fúnra rẹ̀ torí wọ́n ń rù, tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù, ẹ má sọ pé ogbó ni, ẹ má sì sáré ra agolo míì. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lọ wo ohun tó fà á.