Ilẹ̀kùn irin tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí wa rẹ́ lọ́sàn-án

Bátìrì sólà làwọn olè wá jí, àmọ́ bátìrì kọ́ ló gbówó lọ́wọ́ wa jù. Wọ́n já àgádágodo ilé rìpítà tó wà lórí òkè lẹ́bàá Ìgèdè, wọ́n gbé bátìrì lọ, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu di àárọ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ láti Adó, tó sì ń tari rẹ̀ sí Ẹfọ̀n Aláayè, wà níbẹ̀ digbí. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu wà. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí ẹ̀rọ fi ń ti ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á. Ta ló fẹ́ búra pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án? Gbogbo kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ti àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ ni mo ní láti pààrọ̀, kí n sì fọwọ́ ara mi gbé tuntun lọ sí Adó àti Ẹfọ̀n. Nígbà tí alága rí iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́, ó bọ́ fìlà.

Wọ́n ní ṣebí títì lọ̀rọ̀ tó ń kọjá lójú òfuurufú wà, kí ló wá kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn? Òkè ni kò jẹ́ kí Adó rí Ẹfọ̀n lójúkojú, òun la ṣe fi rìpítà sáàárín. Bí wọ́n ṣe tò ó kí n tó dé, rìpítà náà máa ń ṣí ọ̀rọ̀ Adó, á tún fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn tì í kó tó fi ránṣẹ́ sí Ẹfọ̀n. Láàárín ṣíṣí àti títì yẹn, ìhòòhò ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwọn tó ń fi quantum, ìyẹn ìwà àwọn nǹkan tó kéré jù lọ bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀, pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí pàápàá ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyà yìí. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rán gba inú fáíbà, wáyà gíláàsì tín-ín-rín. Bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn ni fáíbà ń gbé e mì, kò sì ṣeé ṣe ẹ̀dà rẹ̀ láti fún un lágbára, torí pé àìṣeéṣẹ̀dà yẹn náà ni ò jẹ́ kí olè rí i jí. Rìpítà quantum tòótọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Ọ̀nà tí Ṣáínà ṣí láti Beijing dé Shanghai lọ́dún 2017, tó jìn tó 2,000 kìlómítà, ibùdó 32 ló wà lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì máa ń hàn gbangba nínú àwọn ibùdó àárín ọ̀nà wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, ó parí. Ilẹ̀kùn kàn mí o.

Mi ò ní fi ti sìmẹ́ǹtì, wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti àgádágodo dá yín dúró. Ohun tí mo fi yangàn ni ìpakọ́kọ́rọ́rẹ́. Bátìrì pẹlẹbẹ bíńtín kan ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ ró nínú ẹ̀rọ. Mo gbé suwíìṣì sójú ọ̀nà iná rẹ̀, mo sì fi ilẹ̀kùn tẹ suwíìṣì náà mọ́lẹ̀. Ṣí ilẹ̀kùn, iná já, kọ́kọ́rọ́ pòórá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé sólà ti kú. FIPS 140-2, ìlànà ààbò fún ẹ̀rọ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ àṣírí, tí Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2001 náà béèrè irú rẹ̀ láti ìpele kẹta lọ sókè. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá akọ̀wé pè: "Ẹ̀ńjìníà, ọ̀nà ti kú o."

Mo gun ọ̀kadà lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, àgádágodo ò bà jẹ́, kọ́kọ́rọ́ ti lọ. Mo kó tuntun sí i. Ọ̀sán tún pé, ó tún kú. Ẹni tó ta suwíìṣì fún mi ní ọjà òun kì í ṣe báyìí, pé atẹ́gùn ni. Wẹ́dà tó ṣe ilẹ̀kùn ní kí n má fi iṣẹ́ òun ṣeré. Wọ́n ní kí n yẹ sólà wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé. Gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, èmi ni mò ń gbé kọ́kọ́rọ́ gòkè, owó ọ̀kadà sì ń jáde lápò mi. Ìyá akọ̀wé ò tiẹ̀ kí mi mọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Èmi náà á kàn ní, "Ẹ má bínú mà, mò ń bọ̀."

Bàbá onílẹ̀ ló là mí lójú. "Ọmọ mi, ṣé o ò rí i pé tí oòrùn bá ti yí sọ́wọ́ ọ̀hún ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ki bébà sáàárín suwíìṣì àti ilẹ̀kùn láàárọ̀. Mo fà á, kò wá. Mo jókòó sábẹ́ igi káṣú dìgbà tí oòrùn kọjú sí ilẹ̀kùn náà gan-an. Irin pẹlẹbẹ tí wẹ́dà fi ṣe é bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀kẹ́ afunfèrè, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ "kẹ́", bébà sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Mo bú wẹ́dà, mo bú oòrùn.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí rèé: ilẹ̀kùn ìta ò pa nǹkan kan rẹ́ mọ́, tẹ́ẹ̀sì ló ń fi ránṣẹ́ sí èmi àti ọlọ́dẹ. Ẹ̀rọ wọnú àpótí irin kékeré níbi tí oòrùn ò dé, suwíìṣì ìdérí àpótí yẹn ló ń pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́. Mo ní kí wẹ́dà mìíràn fi irin ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì kùn ún ní funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí suwíìṣì kàn máa pariwo fúngbà díẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó fún un láṣẹ láti pa ohunkóhun rẹ́.

Ẹ má ra sítíkà tí wọ́n ní ó máa ń ya tí wọ́n bá ṣí i. Gọ́ọ̀mù tèmi yọ́ nínú ooru. Kùtẹ́ẹ̀sì oníwínrinwínrin ni mo kán sórí ìdè àpótí, mo fi fóònù ya àwòrán bí wínrinwínrin náà ṣe tò. Ẹni bá tú u ò lè tò ó padà bó ṣe wà. Àwọn kan ti ṣàlàyé rẹ̀ níbi àpérò kan ní Hamburg lọ́dún 2013, ó sì dá mi lójú ju sítíkà lọ.

Ọ̀nà ò kú lọ́sàn-án mọ́. Wọn ò tíì san owó ilẹ̀kùn kejì fún mi, ìyá akọ̀wé sì ní kí n mú rìsíìtì kùtẹ́ẹ̀sì wá, kí n kọ ohun tí ọkùnrin fi í ṣe sẹ́yìn rẹ̀.