Ọmọláńgidi kòròṣé tí ń dojú bolẹ̀: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ gbé erin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán ka orí tábìlì, kí ẹ sì yọwọ́. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́jà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbéra, orí kan tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkọ ìyàwó níwájú àna. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lẹ́yìn èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: wọ́n á tú ìdí rẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Nígbà míì ó máa ń dúró. Nígbà míì, ìdọ̀bálẹ̀ náà ò yí padà, àfi pé ó ti wá wúwo sí i.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọláńgidi ò lè wo ibì kankan, ẹni tó hun ún ló máa bá a wò ó. Ohun méjì péré sì ni wíwò: ibi tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí, àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Bí ìwúwo bá bọ́ sí àárín àwọn ẹsẹ̀, yóò dúró, ì báà fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí ó bá bọ́ sí ìta ẹsẹ̀, yóò ṣubú, ì báà wúwo bí ọlọ.

Ẹ má tú u kí ẹ tó mọ ibi tó ń ṣubú sí

Ẹ mú rúlà, ẹ dá etí rẹ̀ dúró, kí ẹ gbé ikùn ẹranko náà lé e ní ìbú. Ẹ máa sún un síwájú sẹ́yìn títí tí kò fi ní tẹ̀ sí apá kankan mọ́. Ẹ gún abẹ́rẹ́ olórí sí ojú ibẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹranko náà dìde, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ yìí wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó sì fi ìbú ìka kan, ó kéré tán, jìnnà sí ẹsẹ̀ iwájú. Bó bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú gan-an, afẹ́fẹ́ fáànù ti tó láti gbé e ṣubú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti tún un ṣe, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyí: ẹ sún ẹsẹ̀ iwájú síwájú, bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ yọ díẹ̀ nínú ohun tó wà nínú orí, ìgbà tí méjèèjì ò bá tó ni ẹ ó ronú òkúta. Kí ẹ sì tó fi òkúta sínú, ẹ dán an wò lóde. Ẹ wọn òkúta wẹ́wẹ́ gíráàmù 10 sínú ọ̀rá kékeré, ẹ fi okùn so ó mọ́ ìdí ẹranko náà lẹ́yìn. Bí kò bá dúró, ẹ sọ ọ́ di 20, di 30. Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ fi sínú, ẹ fi díẹ̀ kún iye tó gbé e dúró lóde, torí pé ohun tí a so sẹ́yìn jìnnà sí ẹsẹ̀ ju ohun tó wà nínú ikùn lọ, ó sì ń fà jù ú lọ. Bí ẹranko tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20 bá ń bèèrè ju gíráàmù 40 lọ, ẹ fi òkúta sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló wà níbi tí kò yẹ.

Dídúró lórí tábìlì tó tẹ́jú nìkan kò tó. Ẹ gbé e lé orí ìwé líle tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ gbé etí kan ìwé náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3.5. Èyí tó bá ṣubú kí ẹ tó gbé e débẹ̀, kò tíì ṣeé tà.

Orí tó ń jẹ gàba lé ara lórí

Orí ńlá ló ń dùn ún wò, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ojú là ń pe kókó òwú kọ̀ọ̀kan tí a hun. Bí ara bá jẹ́ ojú 36 yípo níbi tó ti fẹ̀ jù, tí orí sì jẹ́ ojú 48, tí àwọn méjèèjì rí roboto, orí yóò gba òwú ìrọ̀rí tó ju ìlọ́po méjì ti ara lọ. Ojú 12 péré lẹ rò pé ẹ fi kún un! Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ kan náà kún orí àti ara. Ara ni kí ẹ kì kí ó le. Orí, ẹ kún un débi tí kò fi ní wọ̀ sínú, kí ẹ dúró níbẹ̀.

Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹyẹ àti ejò lè wà lókè ère, ẹni tó gbé e sórí sì ń jó lábẹ́ rẹ̀, kò sì já bọ́. Wọ́n ti gbẹ́ inú igi náà kó lè fúyẹ́, wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí ohun tó yọ jáde lókè ní apá kan ní ohun tó dọ́gba rẹ̀ ní apá kejì.

Ọrùn ni ibi tí orí ti ń rẹ́ni jẹ. Ẹni tó bá dín ọrùn kù sí ojú 6 tàbí 12 ti ṣe ìkọ́, kò ṣe ọrùn. Orí á máa mì lórí rẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ já. Fún ara tó jẹ́ ojú 36, ẹ má ṣe dín ọrùn kọjá 18. Ẹ kún ọrùn náà kó le gbagidi, pàápàá nígbà tó bá ku ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ẹ rán an tán, torí ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń kánjú pa á dé. Ẹ rán an yípo lẹ́ẹ̀mejì. Gọ́ọ̀mù kò ṣe iṣẹ́ yìí. Bí orí bá ti wà níbẹ̀ tí ó sì ń fa iwájú, ẹ tú ibi tí ẹ ti rán an, kí ẹ sún un sẹ́yìn ní ìyípo kan ṣoṣo, ìyẹn ìlà ojú kan tó yí ara ká: ìyàtọ̀ rẹ̀ máa ń ju ohun tí ojú retí lọ.

Ìdí tó rí bí ẹyin

Ẹranko tó ń jókòó nílò ìdí pẹlẹbẹ. Ojú 6, 12, 18, 24, 30, 36: ojú mẹ́fà là ń fi kún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fojú fo ìkúnpọ̀ kan, ìdí á kó sókè bí àwo. Bí ẹ bá fi kún un jù, etí rẹ̀ á wú bí etí gèlè. Ní ìyípo àkọ́kọ́ tí ẹ kò ní fi ojú kún mọ́, apá ẹ̀yìn ojú nìkan ni kí abẹ́rẹ́ kòròṣé gbà. Ìyẹn ló ń ṣe etí tó mú, tí ìdí fi ń dá yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, tó sì wá ki òwú sínú rẹ̀ dáadáa, ẹyin ló ṣe, ẹyin kì í sì í jókòó.

Páálí ni ọ̀pọ̀ ń gé sí ìdí láti mú un tẹ́. Ẹ má ṣe é: ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ló máa rọ̀. Ìdérí ike ni kí ẹ gé, kí ó fi mìlímítà 3 kéré sí ìdí náà yípo, kí ẹ sì ha etí rẹ̀ kó má baà gé òwú.

Ẹsẹ̀ tí a fi kíka ojú rán

Bí a bá ń hun yípo láìdúró, ojú kan kì í jókòó gán-án sórí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyípo 12 tàbí 15, okùn àmì tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín ikùn ti lọ sí ìhà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé okùn yẹn láti mọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò wà á rán ẹsẹ̀ méjì sábẹ́ ikùn, méjì sí ẹ̀gbẹ́, á wá máa wò ó pé kí ló dé. Kí a fi ìkọ́ abẹ́rẹ́ já òwú láti òkè dípò kí a yí i ká, kí ojú náà lè rí bí X, ń dín yíyẹ̀ náà kù, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́.

Wíwò ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kíka ojú. Ẹ fi abẹ́rẹ́ olórí mẹ́rin mẹ́rin de ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara, ẹ gbé e sórí díńgí tàbí táìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wò ó láti ìpele tábìlì. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ẹsẹ̀ mẹ́ta á máa kan ilẹ̀ nígbà gbogbo, ìkẹrin ló ń fi gbogbo àṣìṣe hàn. Ẹ má sì ṣe rán ẹyọ kan tán pátápátá kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ fi òwú di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ojú méjì méjì ná, ẹ tún gbé e dìde, kí ẹ tó wá rán gbogbo rẹ̀ yípo.

Bí ẹsẹ̀ kan bá gùn lẹ́yìn tí ẹ ti rán an tán, èyí tó kúrú kọ́ ló yẹ kí ẹ máa kì. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tó gùn gba òwú líle láti àtẹ́lẹsẹ̀ èyí tó gùn jáde sí ẹ̀yìn ara, ẹ fi ojú kan sílẹ̀, ẹ gbà á padà sí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ fà á díẹ̀, kí ẹ ta á ní kókó. Mìlímítà 2 tàbí 3 lè lọ sókè báyìí láìtú ohunkóhun.

Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì, bí adìyẹ, ìrù wọn ni ẹsẹ̀ kẹta. Ẹ jẹ́ kí ó kan ilẹ̀. Ìjàpá kò sì ní wàhálà kankan. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìbá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń fẹ́ ṣe àgùnfọn.

Ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ bí ẹ̀bà gbígbóná

Nígbà míì ibi tí ẹsẹ̀ wà dára, ẹsẹ̀ náà ló rọ̀. Ohun tó máa ń fà á ni abẹ́rẹ́ kòròṣé tó tóbi jù. Bí ìwé ara òwú bá ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 hun ún, ìyẹn fún aṣọ ni. Fún ọmọláńgidi, 2.5 tàbí 3 ni kí ẹ lò, kí ojú náà lè há.

Èyí tó wá kan àwa tí a wà létí ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ, ìyẹn ìwé tó ń sọ bí a ṣe ń hun nǹkan. Àpẹẹrẹ Faransé ń lọ káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ti Gẹ̀ẹ́sì sì ń wọlé láti Nàìjíríà. Ojú kúkúrú tí Faransé ń pè ní maille serrée ni Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, òun náà ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet. Ẹni tó bá fi ojú Amẹ́ríkà ka àpẹẹrẹ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì á hun ojú tó ga jù, àlàfo á wà láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì máa tẹ̀. Bí àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọláńgidi bá ní double crochet láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ ojú kúkúrú ló ń sọ.

Bí ẹ bá ń kún ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyípo 5 tàbí 6, ní ẹyọ kékeré tó tó èékánná àtàǹpàkò, kí ẹ fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a bá ki òdìdì kan ṣoṣo wọlé, á dúró lókè, ìsàlẹ̀ á ṣófo, ibẹ̀ ni yóò ti ká. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹsẹ̀ náà: bí àwọn ìka bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, kò tíì tó. Òwú àràbà fúyẹ́ dáadáa fún orí, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ̀ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, nítorí náà kò yẹ fún ẹsẹ̀.

Ohun tí a kì í fi ṣe ìwúwo

Ìrẹsì àti ẹ̀wà: kòkòrò. A ò tíì sọ ti ọjọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Iyanrìn máa ń jò láàárín ojú bí kò bá sí ohun tó dì í. Irin àti nọ́ọ̀tì ń dógùn-ún, pàápàá ní Àjàṣẹ́ níbi tí ọ̀rinrin ọ̀sà kì í fi nǹkan sílẹ̀, àwọ̀ ìpẹtà á sì yọ sára òwú funfun. Mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi sínú ohun ìṣeré ọmọdé rárá. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn pọ̀ nínú ìfun rẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ dára. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ òkè ti tó láti ṣà á. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a gbẹ, ẹ dà á sínú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 8, ẹ ta ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá tún fi aṣọ kejì bò ó. Bí ẹ bá kàn gbé e sínú lásán, láàárín oṣù kan á ti rìn dé iwájú, erin á sì padà sídìí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ rán an mọ́ inú ìdí ní ojú mẹ́ta. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má fi òkúta sí i. Ẹ mú ìdí rẹ̀ fẹ̀ sí i.

Wáyà nínú ẹsẹ̀ ń ran ẹranko tí a gbé sínú àpótí díńgí lọ́wọ́. Nínú ohun tí ọmọdé ń tẹ̀ ká, orí wáyà á gún òwú jáde lọ́jọ́ kan.

Ohun kan kù tí kò jọ àṣìṣe rárá. Iṣẹ́ ti parí, ó dúró, ẹ wá rí i pé ẹsẹ̀ kan wọ́ díẹ̀, ẹ bá mú áyọ́ọ̀nù olóoru. Bí òwú náà bá jẹ́ akíríílìkì, ooru á mú un rọ̀, kò sì ní padà le mọ́. Ẹ fi omi tútù fọ́n ọn, ẹ fi abẹ́rẹ́ dì í sí bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá tún gbé e lé orí ìwé tí ẹ gbé sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3.5 yẹn.