Ìrírí mi: Láti Haltwhistle dé Bardon Mill, eré sísá lẹ́bàá Odi Hadrian

Tésàn rélùwéè Haltwhistle, ní àríwá Ìngíláǹdì, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì parí eré ní tésàn Bardon Mill. Ojú irin kan náà, èyí tó ti Newcastle lọ sí Carlisle, ló gba tésàn méjèèjì kọjá, nítorí náà kò sí wàhálà à ń padà lọ gbé mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 20. Bíi 4 ni láti Haltwhistle dé Cawfields, bíi 8 lẹ́bàá odi òkúta tí àwọn ará Róòmù mọ dé Housesteads, bárékè ọmọ ogun wọn àtijọ́, ìyókù sì jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀ tó gba Vindolanda, bárékè wọn mìíràn, dé tésàn kejì. Ẹni tó ń fi wákàtí méjì sá kìlómítà 20 lórí títì, kó fi wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ sọ́kàn níbí, láìka àkókò tí yóò fi dúró wo nǹkan.

Aago ọwọ́ kọ́ ni mo fi wọn eré yìí. Odi náà ni mo fi wọ̀n ọ́n. Nígbà tí Hadrian, Késárì Róòmù, wá sí Britain ní ọdún 122, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí mọ odi yìí láti etí òkun dé etí òkun, wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ kan sí gbogbo máìlì Róòmù, wọ́n sì fi ilé ìṣọ́ kéékèèké méjì sí àárín ilé ìṣọ́ kan sí èkejì. Máìlì Róòmù kan tó mítà 1,480. Odi náà jẹ́ máìlì 80 nínú ìwọ̀n tiwọn, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 118. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti fún ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti ìlà-oòrùn lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń sá láti ìwọ̀-oòrùn bíi tèmi yóò máa kà á sẹ́yìn: 42, 41, 40, títí dé 37.

Ìdí tí èyí fi dára ju aago lọ ni pé kìlómítà kan kò jọ èkejì lórí òkè yìí. Ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kan yóò fi bíi ìṣẹ́jú 9 ti ilé ìṣọ́ kan dé èkejì. Láàárín 39 sí 38, ẹ fi ìṣẹ́jú 16 sí 18 sọ́kàn. Ẹni tó bá ń wo aago rẹ̀ níbẹ̀ yóò rò pé òun ti ń pẹ́, yóò tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tán kó tó dé Housesteads.

Mo yan kí n máa lọ sí ìlà-oòrùn nítorí afẹ́fẹ́. Láti ìwọ̀-oòrùn ló máa ń fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí igi tó ń dí i lórí òkè. Kí ó tì yín lẹ́yìn sàn ju kí ó máa gbá yín lójú fún wákàtí méjì. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ojú irin ló ń dúró ní Bardon Mill. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì mọ èyí tó tẹ̀ lé èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀, torí ó lè pẹ́ gan-an.

Ẹrù kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Omi tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà, oúnjẹ díẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti òjò kò lè gbà wọlé, ìbọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ nínú ọ̀rá, fèrè, fóònù, àti máàpù oníwèé Ordnance Survey, Explorer OL43. Bàtà ni kí ẹ ronú sí jù. Àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán, ó yẹ kó ní eyín tó ga tó mílímítà 4 tàbí 5 fún koríko tútù. Àmọ́ ẹ má wọ èyí tó ní ìṣó irin. Orí àpáta tó tutù, ìṣó irin ń yọ̀ ju rọ́bà lọ, ó sì ń ha òkúta tó ti wà níbẹ̀ fún ọ̀rúndún 19.

Láti Haltwhistle, ẹ tẹ̀ lé odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Haltwhistle Burn gòkè. Àwókù iṣẹ́ èédú àti bíríkì wà lẹ́bàá rẹ̀. Gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò le, ibẹ̀ ni mo fi mú ara gbóná. Lókè, ẹ ó gé títì B6318 kọjá. Ó gùn tààrà, mọ́tò sì ń sá gan-an níbẹ̀, ẹ wo ọ̀tún wo òsì dáadáa. Ìjọba ló la títì yìí lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ọdún 1745 kí ọmọ ogun lè tètè kọjá, odi Hadrian gan-an ni wọ́n sì wó lulẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn láti fi òkúta rẹ̀ tẹ́ ẹ. Ní àgbègbè yìí, títì gba ìsàlẹ̀ nítorí òkè, ìyẹn ló jẹ́ kí odi ṣẹ́kù níbí.

Cawfields jẹ́ ibi ìfọ́kúta àtijọ́ tó ti di adágún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ lò ó. Ẹ wo bí òkè ṣe gé pátá lẹ́bàá adágún: wọ́n ti fọ́ òkúta ibẹ̀ lọ tòun ti odi orí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé ìṣọ́ 42 wà, lórí ilẹ̀ tó dagun débi pé kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ibi tó tẹ́jú wà nítòsí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti sọ pé ibẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Kí ẹ tó gùn ún, ẹ mọ bí òkè náà ṣe rí. Àpáta tí odi jókòó lé ni wọ́n ń pè ní Whin Sill, àpáta gbígbóná tó yọ́ wọ àárín àpáta mìíràn ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 295 sẹ́yìn. Ó rọra dagun sí gúúsù, ó sì gé pátá sí àríwá. Ẹni tó bá ń sá lọ sí ìlà-oòrùn, ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ọ̀gbun wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kùrukùru bá bo ojú ọ̀nà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa sún sí. Lápá ibẹ̀ ni ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù fi ń kó ẹrù wà, láàárín odi àti kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní Vallum. Koríko ló bò ó, ó rẹlẹ̀ ju etí òkè lọ, òun ni mo sì ń yà sí bí afẹ́fẹ́ bá le jù.

Láti 42 dé 40, gígùn àti sísọ̀ ni. Àwọn àfo tó gé òkè náà sí wẹ́wẹ́, omi yìnyín tó yọ́ láyé àtijọ́ ló gbẹ́ wọn. Gbogbo ibi tó bá ga gan-an ni mo rìn, mo fi ọwọ́ ti itan. Orí Winshields Crags, níbi ilé ìṣọ́ 40, ni odi ti ga jù lọ, mítà 345. Láti ibẹ̀ dé Steel Rigg, ilẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀, koríko rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ á sì fẹ́ máa já lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fà á sẹ́yìn. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa iṣan itan, kì í ṣe ìgòkè, àwọn tó burú jù sì ṣì wà níwájú. Ẹni tí nǹkan kò bá rọ̀ lọ́rùn mọ́, láti Steel Rigg kó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà mọ́tò dé The Sill, ilé ìgbàlejò tó wà ní Once Brewed. Kò tó kìlómítà kan, omi àti oúnjẹ sì wà níbẹ̀.

Ní Peel Gap, ilé ìṣọ́ kékeré kan wà tí kò sí nínú ètò. Àwọn awalẹ̀ rí i ní àwọn ọdún 1980, láàárín méjì tó ti wà ní ipò wọn. Ẹ má kà á, yóò da ìwọ̀n yín rú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ̀gùn òkúta Peel Crag, tó ga ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ni Castle Nick, níbi tí ògiri ilé ìṣọ́ 39 ṣì hàn dáadáa, àti Sycamore Gap, níbi tí àwọn kan ti gé igi síkámọ̀ olókìkí kan lóru nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Kùkùté rẹ̀ ti rúwé padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìsọ̀kalẹ̀ sínú àfo méjèèjì burú bí òjò bá rọ̀: ìgbésẹ̀ kúkúrú, orúnkún rírọ̀, kí ara wà lókè ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn sẹ́yìn ni bàtà máa ń yọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Highshield Crags ló kàn, adágún Crag Lough sì wà nísàlẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà súnmọ́ etí ọ̀gbun púpọ̀, kò sì sí nǹkan ìdíwọ́. Mo rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Níbi oko Hotbank ni ilé ìṣọ́ 38 wà. Ebè koríko nìkan ló kù, ọ̀pọ̀ ló sì ń sá kọjá láìwò ó. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ Hadrian àti ti gómìnà rẹ̀, Aulus Platorius Nepos, sí. Ó wà lára ẹ̀rí tó fi hàn pé Hadrian ló ni odi náà, torí ìgbà kan wà tí wọ́n ń fún Septimius Severus ní ògo rẹ̀, Késárì tí wọ́n bí ní Leptis Magna ní ilẹ̀ Líbíyà òde òní.

Ẹ ṣọ́ra ní Rapishaw Gap. Àmì èso igi óákù tí ẹ ti ń tẹ̀ lé kì í ṣe ti odi yìí nìkan, ti gbogbo ọ̀nà ìrìnsẹ̀ ńlá orílẹ̀-èdè náà ni. Ibẹ̀ ni Pennine Way, ọ̀kan nínú wọn, ti yà sí àríwá, ó ń lọ sí Sikọ́tílándì, àmì kan náà sì ni wọ́n fi sí i. Orúkọ tó wà lára pátákó ni kí ẹ kà, kì í ṣe àwòrán. Bí odi kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ẹ ti ṣìnà.

Ilé ìṣọ́ 37, tí ààbọ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrun ṣì dúró, ló ń sọ pé Housesteads kù díẹ̀. Bárékè bíi ọmọ ogun 800 ni Housesteads. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọlé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àjùmọ̀lò àwọn ọmọ ogun, ní igun gúúsù ìlà-oòrùn, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Ojú ọ̀nà omi rẹ̀ ṣì hàn kedere.

Ẹ má gun orí odi nítorí fọ́tò. Púpọ̀ nínú èyí tó dúró, John Clayton, ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀, ló tún un tò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láìfi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ kan péré lè ti òkúta jáde. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ má tò tẹ̀ lé ara yín lórí koríko tútù. Ẹ tàn ká, torí ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbẹ́ ilẹ̀, òjò á wọ inú rẹ̀ dé ibi tí nǹkan àtijọ́ wà. Àgùntàn kò léwu, àmọ́ màlúù tó ní ọmọ, ẹ yí i ká láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnìkan bá fara pa, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ béèrè ọlọ́pàá, kí ẹ sọ pé àwọn agbàlà orí òkè lẹ fẹ́. Bí fóònù kò bá lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún fọn ọ́n.

Láti Housesteads, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ẹ gé e kọjá, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ oko Crindledykes lọ sí Vindolanda. Níbẹ̀, lẹ́bàá odò kékeré kan, òkúta máìlì Róòmù kan ṣì dúró ní ojú ibi tí wọ́n rì í mọ́ sí. Ní Vindolanda ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí rí àwọn lẹ́tà orí pátákó igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọdún 1973. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ nípa ìbọ̀sẹ̀, bàtà àti pátá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ ogun kan. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ ni dé Bardon Mill, títì ọlọ́dà ni, kò sì ju bíi kìlómítà mẹ́ta lọ. Kí ẹ tó jókòó de ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀.