Bẹ́ ẹ bá ń gbé oúnjẹ fún kọ́sítọ́mà l'Amẹ́ríkà: bí típù ṣe lè pọ̀ sí i, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń tán yín lókun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé típù lowó gidi, torí òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí ọ̀gá san $2.13 péré ní wákàtí kan tí típù bá ti lè kún un dé $7.25, ìyẹn owó tó kéré jù tí òfin yẹn ní kí òṣìṣẹ́ gbà ní wákàtí kan.

Tí kọ́sítọ́mà bá ti sọ ohun tó fẹ́ jẹ, ẹ tún un sọ fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ má kàn mi orí kẹ́ ẹ máa lọ. Olùwádìí kan, Rick van Baaren, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò ní Netherlands, èsì ẹ̀ jáde ní 2003, àwọn tó ń tún un sọ gba típù ju àwọn tí ò tún un sọ lọ, bẹ́ẹ̀ kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Súìtì náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń mú bíìlì lọ, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, ẹ ṣe bí ẹni ń lọ, kẹ́ ẹ wá yíjú padà kẹ́ ẹ fún wọn ní ẹyọ kan sí i. Nínú ìwádìí David Strohmetz ní 2002, àwọn tí ò rí súìtì fi bíi 19% owó bíìlì sílẹ̀ fún típù, àwọn tó gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà fi 21.6%, àwọn tí wọ́n padà wá fún ní èkejì fi bíi 23%. Súìtì méjì náà ni o! Wọ́n kàn rò pé ó wá látọkàn ẹni tó fún wọn ni.

Àmọ́ ẹ̀rín torí owó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń jẹ èèyàn lára gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa yẹ ara yín wò. Ìbéèrè 22 tí Christina Maslach àti Susan Jackson gbé jáde ní 1981 ni wọ́n sábà máa fi ń wọn burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun, ohun tó ń béèrè ni bí nǹkan ṣe ń ṣe yín lemọ́lemọ́ sí, 0 ni kò ṣẹlẹ̀ rí, 6 ni ojoojúmọ́. Apá mẹ́ta ló ní: ṣé okun yín ti tán, ṣé kọ́sítọ́mà ò jọ èèyàn lójú yín mọ́, ṣé ẹ ṣì gbà pé iṣẹ́ yín wúlò. Ẹ má ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, torí ní ti ẹ̀kẹta, máàkì tó bá kéré ló burú. Ẹ máa kọ tiyín sílẹ̀ lóṣooṣù. Èkejì yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, tó bá ń gòkè, ẹ ní kí máníjà gbé yín kúrò nídìí tábìlì fúngbà díẹ̀, típù á dín kù lóòótọ́, ẹ jẹ́ ó dín kù.