Àwọn ìbejì ẹ̀yìn Neptune: àṣìṣe tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Púpọ̀ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń yí oòrùn po lẹ́yìn Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá tó jìnnà sí oòrùn jù lọ, kì í dá rìn. Méjì-méjì ni wọ́n, òòfà ara wọn ló so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ròyìn wọn máa ń kọ mí lóminú.

Ẹ mú Pluto, ọ̀kan nínú wọn, àti ìkejì rẹ̀, Charon. Ẹ má sọ pé Charon ń yí Pluto po, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí bàbá bá di ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mú tó ń fi í pòòyì, bàbá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ ńkọ́? Àwọn méjèèjì ni yóò máa yí, àlàfo àárín wọn ni wọn yóò sì máa yí po. Bí ti Pluto àti Charon ṣe rí nìyẹn: Pluto fẹ̀ tó kìlómítà 2,377, Charon 1,212, ojú ibi tí wọ́n ń yí po sì wà lóde ara Pluto.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló burú jù. Ẹ má fi ìmọ́lẹ̀ díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí yìnyín bò lè kéré kó sì tàn ju èyí tó tóbi tó dúdú bí èédú. Yàtọ̀ síyẹn, láti ọ̀nà jíjìn, àwọn méjèèjì a máa dà bí ẹyọ kan. Lẹ́yìn tí wọ́n rí Pluto ní 1930, àwọn kan rò pé ó wúwo tó ayé wa. Ní 1978, James Christy, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, rí kókó kan lára àwòrán Pluto, kókó náà sì ń sún kiri. Charon ni. Bí a bá ti mọ bí ìkejì ṣe jìnnà tó àti iye ọjọ́ tó fi ń yí (ti Charon lé díẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́fà), òfin Kepler, tó so ìjìnnà àti àkókò yíyí mọ́ ìwúwo, yóò sọ ìwúwo wọn. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ kò tó ìdá kan nínú 400 ti ayé! Pa pọ̀ ni mo wí o: ẹ má kó gbogbo rẹ̀ fún Pluto nìkan.

Ẹ má sì rò pé èyí tó fẹ̀ jù ló wúwo jù. Dysnomia, tó ń bá Eris, pílánẹ́ẹ̀tì kékeré mìíràn níbẹ̀, rìn, ló jẹ́ ká mọ̀ pé Eris wúwo ju Pluto lọ, bẹ́ẹ̀ Pluto fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú.

Arrokoth, tí ọkọ̀ gbalasa òfuurufú New Horizons kọjá lára rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, kò sí nínú ẹgbẹ́ yìí mọ́. Ó ti lẹ̀ pọ̀, bí òkèlè ẹ̀bà méjì tí a rọra tẹ̀ mọ́ra.

Nọ́ńbà inú orúkọ náà ń tan èèyàn. Ẹ wo ìbejì tó ń jẹ́ 1998 WW31: ọdún tí wọ́n rí i ni 1998, ṣùgbọ́n 2001 ni aráyé tó gbọ́ pé ó ní ìkejì.

Ẹ má tún sọ pé ńṣe ni ọ̀kan kàn gbá èkejì mú lójú ọ̀nà. Àwọ̀ àwọn méjèèjì sábà máa ń bára mu, èyí tó fi hàn pé inú ìkúukùu òkúta wẹ́wẹ́ kan náà ni wọ́n ti jáde. Èwo ni Táyé, èwo ni Kẹ́hìndé, ìyẹn kò yé ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì yára kà wọ́n tán. Lempo, tí wọ́n pè ní ìbejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbẹta ni.