Má Fi Gíga Òkè Nìkan Díwọ̀n Ilẹ̀ Ọ̀gbẹlẹ̀

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ oko tàbí ibi tí yóò da ẹran lọ níbi tí òjò kì í tó, bí ilẹ̀ náà ṣe ga tó ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè gidi ni. Bí a bá gun òkè ní 1,000 mítà, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Celsius dín kù, omi kì í sì í tètè gbẹ lára ilẹ̀ tó tutù. Ìdí nìyẹn tí igi fi máa ń dí lókè, tó sì jẹ́ pé koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló wà nísàlẹ̀. Àṣìṣe ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dúró síbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ríronú pé bí òkè bá ṣe ń ga ni òjò ń pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ru ọ̀rinrin wá ń tutù bó ṣe ń gun òkè, ìhà tó kọ́kọ́ kàn ló sì ń da òjò sí. Kó tó sọ̀ sí ẹ̀yìn òkè, ó ti gbẹ, bó sì ṣe ń sọ̀ ló ń gbóná. Oko méjì lè jọ wà ní 1,500 mítà lórí òkè kan náà, kí àgbàdo ọ̀kan gbó, kí ti èkejì gbẹ kó tó yọmọ. Lórí òkè Kilimanjaro ní Tanzania pàápàá, níhà gúúsù, òjò ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 2,200 mítà, lẹ́yìn èyí ló ń dín kù, títí tí orí òkè fi dà bí aṣálẹ̀.

Má sì gbé irúgbìn láti ìpele kan lọ sí òmíràn nítorí pé ó ṣe dáadáa níbi tó ti wá. Àwọn àgbẹ̀ Etiópíà ti pín ilẹ̀ wọn tipẹ́: kolla nísàlẹ̀ níbi tó móoru, fún ọkà bàbà, woina dega láàárín, fún teff, ìyẹn ọkà wọn tí hóró rẹ̀ kéré gan-an, dega lókè níbi tó tutù, fún ọkà báálì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé òtútù ń fa ìgbà tí irúgbìn fi ń gbó gùn. Níbi tí òjò kò ju oṣù mélòó kan lọ, òjò lè ti dá kí ọkà tó gbó.

Àfonífojì ló ń dùn mí jù, torí ojú ń tàn wá níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ó dúdú, ọwọ́ yá láti gbìn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Lóru, ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, ó sì ń dá rogún sísàlẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ìrì dídì ti pa ẹ̀wà tó wà nísàlẹ̀, ewé rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bíi pé wọ́n bọ̀ ọ́, nígbà tí èyí tó wà lókè díẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí omi kò bá sì ríbi ṣàn jáde, yóò gbẹ, yóò fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Níbi tí o bá ti rí funfun yẹn, má gbin ẹ̀wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé igbó gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nítorí pé ẹnikẹ́ni kò dáko síbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ló ń mú kí òjò rọra wọlẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, ọ̀gbàrá ẹyọ kan lè gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ, kó sì dà á bo oko tó wà nísàlẹ̀. Bó bá di dandan láti ro ibẹ̀, ẹ dábùú òkè kọ ebè.